Òdòdó inú àdí: bí mo ṣe ń ṣe òróró olóòórùn dídùn ti Tahiti nílé wa ní Ifẹ̀

Àdí àgbọn tí wọ́n ń tà ní Ọjà-Ifẹ̀, òórùn iná ló máa ń ní. Ó ti pẹ́ jù nínú ìkòkò, ó ti pọ́n, òórùn àgbọn díndín ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi din nǹkan tàbí tó fẹ́ fi pa orí tó gbẹ kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n láàárín Òkun Pàsífíìkì, ní erékùṣù Tahiti àti àwọn tó yí i ká, àdí àgbọn kan náà yìí ni wọ́n ń lò láti ayébáyé, òórùn òdòdó ni tiwọn sì máa ń ní. Monoï ni wọ́n ń pè é. Oníbàárà mi kan tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi níwájú ìsọ̀. Láti ìgbà náà ni n kò ti jẹ́ kó wọ́n nílé mi.

Iṣẹ́ àdí ni mo bá lọ́wọ́ màmá mi. Mo mọ bí àgbọn ṣe ń ṣe lórí iná, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ monoï yìí tètè wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín láti orí àgbọn títí dé inú ìgò, kí n sì sọ ohun tí àwọn tó ni ín ń fi ṣe, torí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí nǹkan wà fún, ìṣekúṣe ni yóò ṣe é.

Àwọn ará Tahiti kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1992 ni ìjọba Faransé, tó ń ṣàkóso àwọn erékùṣù náà, ti fi òfin de orúkọ yìí. Kí ìgò kan tó lè jẹ́ Monoï de Tahiti, àgbọn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó hù ní French Polynesia, ìyẹn Tahiti àti àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Faransé pẹ̀lú rẹ̀. Òdòdó inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiare, òdòdó funfun kan tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Gardenia taitensis, wọ́n sì gbọ́dọ̀ já a nígbà tó ṣì dì, tí kò tíì là. Ó kéré tán, òdòdó 10 gbọ́dọ̀ wọ inú lítà 1, kó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10, ó kéré jù. Nítorí náà, èyí tí àwa máa ṣe níbí kì í ṣe ojúlówó monoï, ẹni tó bá sì fẹ́ tà á kò gbọdọ̀ kọ orúkọ yẹn sára ìgò. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an: àdí àgbọn, òdòdó ọsàn. Ọgbọ́n wọn ni a fẹ́ yá lò.

Àgbọn àti iná

Àgbọn tó gbó ni kí ẹ rà. Èyí tó tutù, tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ lójú pópó, òróró kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sétí, ẹ mì í, kí omi rẹ̀ dún ketekete. Ẹ wo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti ń rin tàbí tó ti bu, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Apá Badagry ni ọ̀pọ̀ àgbọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń wá, ó ti jókòó nínú ọkọ̀, ó ti jókòó ní ọjà, nítorí náà ẹ má ṣe kánjú yàn. Àgbọn ńlá bíi 12 lè fún yín ní nǹkan bíi lítà kan. Tí ó bá jẹ́ kéékèèké, yóò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fọ́ ọ, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú jù yọ inú rẹ̀, kí ẹ sì bó awọ pupa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. Àwọn tó ń ṣe àdí fún ọbẹ̀ kì í bó o, kò sì pọn dandan fún tiwọn, ṣùgbọ́n awọ yẹn máa ń mú kí òróró pọ́n, òróró tó mọ́ kedere la sì ń wá. Ẹ rin ín. Tó bá pọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata, torí òórùn ata àti àlùbọ́sà máa bá a dé inú ìgò, òdòdó kankan kò sì lè lé e jáde. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ àgbàdo ògì ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ní kó fi omi ṣan ẹ̀rọ náà kó tó da tiyín sí i.

Ẹ bu omi tó gbóná níwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà sí i, ẹ pò ó dáadáa, kí ẹ wá fi aṣọ funfun tó mọ́ fún un. Ẹ tún omi díẹ̀ bù sí pàǹtí rẹ̀, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ da omi funfun náà sínú bàsíà tó fẹ̀, ẹ bò ó, kó sùn mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ óò rí i pé ó ti pín sí méjì. Ọ̀rá funfun tó nípọn á ti léfòó, omi á ti wà nísàlẹ̀. Ọ̀rá òkè nìkan ni kí ẹ fi ṣíbí bù sínú ìkòkò. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ iná ṣe máa kéré tó.

Iná díẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni àdí ti ń di àdí dáadáa tàbí kó bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkòkò á pariwo, á máa hó, á máa ta síta. Omi ló ń jáde nínú rẹ̀. Tó bá yá, ọ̀rá náà á já. Òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní etí ìkòkò, funfun tó kù á dì wẹ́wẹ́ láàárín. Ẹ má dáwọ́ ríro dúró. Ariwo náà á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ṣín-ín-ṣín, tí ẹ óò fi tẹ́tí kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ yan. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ó ti di àdí Ọjà-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe é níbí máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pọ́n, torí àwọn oníbàárà gbà pé èyí tó dúdú ló lágbára. Fún òróró olódòdó, èyí tó dúdú kò wúlò rárá, torí òórùn iná máa gbé òórùn òdòdó mì.

Ẹ fi aṣọ tó gbẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá ti tutù, ẹ wò ó bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé agbada gbígbẹ kaná, ẹ kán òróró náà sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá ta páá, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná díẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó ti gbẹ.

Ọ̀nà tí àwọn ará Tahiti àtijọ́ ń gbà yọ òróró yàtọ̀ sí tiwa. Oòrùn ni iná wọn. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á pò ó mọ́ ara akàn kékeré kan tó máa ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun, tàbí orí edé tí wọ́n gún, wọ́n á sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Èròjà kan wà nínú akàn àti edé wọ̀nyẹn tó máa ń tú inú àgbọn, tí òróró á fi máa sun jáde fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yé mi dáadáa ìdí tí wọn kò fi nílò ìkòkò. N kò ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí o. Oòrùn Ifẹ̀ kì í dúró sójú kan lásìkò òjò, àgbọn tó bá sì jókòó nínú ọ̀rinrin máa kan ni. Òróró tó kan kì í ṣe ohun tuntun lọ́hùn-ún pàápàá: Joseph Banks, onímọ̀ ewéko tó bá ọkọ̀ James Cook, arìnrìn-àjò òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, dé Tahiti ní 1769, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òróró tí wọ́n fi ń pa irun sábà máa ń rùn kíkan débi pé kò kọ́kọ́ bá òun lára mu. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣe wá ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ omi.

Òdòdó

Tiare kò sí ní ẹ̀yìnkùlé wa. Òdòdó ọsàn wà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá gba ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó kọjá lówùúrọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ, torí òórùn yẹn á wọlé bá yín nínú mọ́tò. Ó jọ ti tiare ní ti pé ó funfun, ó sì máa ń ta sánsán nígbà tó bá fẹ́ là. Ẹ má bẹ̀rù pé jíjá rẹ̀ máa pa ọsàn run. Èyí tó pọ̀ jù nínú òdòdó orí igi ọsàn máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀ láìso. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni igi, màá tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ ní ìdájí, màá rọra mi ẹ̀ka, èyí tó bá sì já bọ́ ni mo máa ń kó. Àwọn tó ṣì dì, tí orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ni mo fẹ́ràn jù.

Frangipani náà dára, igi tí wọ́n gbìn sí ọ̀pọ̀ àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì àti sí ọgbà yunifásítì, tí òdòdó rẹ̀ funfun tí àárín rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin. Oje funfun kan wà nínú ọrùn òdòdó yẹn tó máa ń yún ènìyàn lára. Ẹ já ìdí rẹ̀ sọnù, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú asẹ́ títí oje náà á fi kán tán tí yóò sì gbẹ. Ẹ̀ṣọ́ ọrùn tí ẹ máa ń rí lára àwọn tó bá lọ sí Hawaii, frangipani ló sábà máa ń jẹ́ báyìí, àmọ́ àlejò ni òdòdó náà lọ́hùn-ún. Amẹ́ríkà Àárín ni orírun rẹ̀, ọdún 1860 ni wọ́n sì gbé e dé Hawaii. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ń fi ohun tí wọ́n rí ṣe é.

Jasmine náà ṣeé lò. Ewé tíì gbígbẹ ṣeé lò fún ẹni tí kò rí òdòdó, òórùn rẹ̀ á yàtọ̀ ni. Kànáfùrù lágbára gan-an. Hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó nínú ìgò kan, torí ó máa ń ta awọ ara. Àwọn tí mi ò ní jẹ́ kó dé inú ìgò mi ni oleander, allamanda aláwọ̀ ìyeyè yẹn, àti queen of the night. Májèlé ni wọ́n, bó ti wù kí òórùn wọn dùn tó. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ náà, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá pa ara tí wọ́n fi pa, ara á bó, ojú ibẹ̀ á sì dúdú.

Ẹ má fọ òdòdó. Ẹ gbọ̀n ọ́n kí kòkòrò jáde, ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí oòrùn kò sí, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fẹ́ kó rọ, kí omi ara rẹ̀ dín kù, ẹ ò fẹ́ kó gbẹ táútáú. Àsìkò tó ń rọ yẹn gan-an ni òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ilé.

Ìgò tó ní ẹnu gbàǹgbà ni kí ẹ lò, kó gbẹ dáadáa. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ọjọ́ kejì ni kí ẹ lò ó. Ẹ fi òróró lọ́wọ́ọ́rọ́ bo òdòdó náà mọ́lẹ̀. Tí òróró bá gbóná, á se òdòdó. Tí ó bá dì, kò ní wọ̀ ọ́ lára. Àdí àgbọn máa ń dì nígbà tí ojú ọjọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lásìkò ọyẹ́, ìgò tí ẹ fi sílẹ̀ ní dídà lálẹ́, ẹ óò bá a ní dídì, tó funfun, láàárọ̀. Ẹ gbé e sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, á yọ́. Ní ti ìwọ̀n, òdòdó ọsàn kéré sí tiare, nítorí náà ẹ má ka 10 yẹn lé e. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni mo máa ń fi sí ìdajì lítà.

Ní ọjọ́ kìíní, aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi dé e, kí omi tó bá kù lè rá jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọmọrí dé e. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò tàbí ibòmíràn tó máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe ojú oòrùn. Lójoojúmọ́, ẹ fi ṣíbí gbígbẹ rì í mọ́lẹ̀, torí òdòdó tó bá yọrí síta máa bu. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti pọ́n, ó ti fún òróró ní ohun tó ní. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ sí i, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ 10 yẹn á fi pé tàbí kó lé. Ẹ gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ tán tó ti jókòó mọ́jú. Bí ẹ bá rí nǹkan róbótó-róbótó tó ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ ìgò síhìn-ín sọ́hùn-ún, omi ara òdòdó nìyẹn. Ẹ rọra da òróró òkè sínú ìgò mìíràn, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ yẹn sílẹ̀ pátápátá. Òfò òróró díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìgò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìgò tó máa bàjẹ́.

Òórùn rẹ̀ kì í pariwo. Ẹni tó ti mọ́ lọ́fínńdà inú ìgò lára lè rò pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ pa á sẹ́yìn ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ara yín mú un gbóná, kí ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn tó ń kán lọ́fínńdà sínú àdí lásán tí wọ́n ń pè é ní olódòdó, torí owó tí ẹni tó rà á san, owó òdòdó ni. Ìyá àgbà kan ní Ìlódè gbóòórùn tèmi lára ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí.

“Ìyá Tóyìn, kí lo fi sínú àdí yìí? Lọ́fínńdà ni?”

“Rárá o, mà. Òdòdó ọsàn ni.”

“Ọsàn ẹ̀yìnkùlé yìí náà? Gbé ọwọ́ rẹ wá kí n tún gbọ́ ọ.”

Ohun tí wọ́n ń fi ṣe

Lọ́dọ̀ àwọn ará Tahiti, irun àti ara ló kọ́kọ́ wà fún. Wọ́n máa ń fi pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n máa ń fi pa á kí wọ́n tó wọ òkun àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, kí iyọ̀ má bàa gbẹ awọ ara. Àwọn tó ń wọ́ra fúnni ń lò ó. Taurumi ni wọ́n ń pe wíwọ́ra ní Tahiti, lomilomi ní Hawaii, fofō ní Samoa, àwọn erékùṣù mìíràn nínú òkun kan náà. Ẹ fi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì ra á títí á fi lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó gbé e lé ara ẹni tí ẹ ń wọ́. Fún irun, ojú ìlà tí ẹ yà nígbà tí ẹ bá ń dirí ni kí ẹ fi ìka tọ́, kì í ṣe orí irun nìkan. Ẹ má sì gbà pé ó lè gba oòrùn dúró o. Ẹni tó máa pẹ́ lóòrùn, kó wọ fìlà.

Ijó ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn. Ní Tonga, erékùṣù mìíràn lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ jó tauʻolunga, ijó ìbílẹ̀ wọn kan, máa ń fi òróró pa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Bó bá ń jó lọ́wọ́, àwọn ènìyàn á dìde, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ ọn lára, òróró yẹn ló ń di owó náà mú. Fakapale ni wọ́n ń pè é, owó náà sì sábà máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọ, ilé-ìwé tàbí ẹbí tí wọ́n torí rẹ̀ pe ijó. Àwa tí à ń lẹ owó mọ́ iwájú orí ìyàwó àti onílù, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Òórùn tiwọn ní Tonga ni heilala, òdòdó tí wọ́n ń ṣe ọdún fún ní oṣù keje ní Nukuʻalofa, àti mohokoi, tí aráyé mọ̀ sí ylang-ylang. Àwọn oníjó ìbílẹ̀ níbí ń ra àdí mi, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pa á ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó wọ aṣọ. Aṣọ òkè kì í gba òróró padà.

Abiyamọ ńkọ́? Ní Samoa, wọ́n máa ń po ìyẹ̀fun àtalẹ̀ pupa, tí wọ́n ń pè ní lega, mọ́ òróró àgbọn, wọ́n á fi pa ìyá àti ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ti rí abiyamọ tó kun osùn láyé àtijọ́ ní Ifẹ̀ á mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ìyàwó tó bá wá bá mi: ọmọ tuntun, àdí lásán tó mọ́ ni kí ẹ fi ra á, láìsí òdòdó, láìsí kànáfùrù. Àgbàlagbà pàápàá, kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa ìsẹ́po apá, kó dúró di ọjọ́ kejì. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má ṣe rọ àdí kankan sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ, ó sì lè pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo bẹ yín ni.

Láyé àtijọ́, wọ́n tún máa ń fi òróró olóòórùn sí aṣọ. Tapa, aṣọ tí wọ́n ń lu èèpo igi ṣe, wọ́n máa ń fi òróró tó ní òórùn òdòdó tàbí ti igi sandalwood kùn ún. Igi yẹn, wọ́n á rin ín, wọ́n á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú òróró. Àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí Ṣáínà gé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní erékùṣù Marquesas àti Hawaii ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ṣọ̀wọ́n títí dòní. Nílé tèmi, mo máa ń kán òróró sára òwú, màá wé òwú náà sínú bébà, màá tì í sí igun àpótí tí ìró àti gèlè wà. Ó sàn ju káńfọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí òwú náà má fara kan aṣọ.

Àwọn òrìṣà wọn náà ní ìpín láyé àtijọ́. Ní Tahiti nígbà náà, wọ́n máa ń tú aṣọ lára ère ọlọ́run wọn, toʻo, nígbà ìsìn, wọ́n á sì fi òróró olóòórùn pa á. Òkú olóyè náà, wọ́n máa ń fi òróró àgbọn ra á nígbà yẹn kó má bàa tètè jẹrà. Ní Ifẹ̀, òrí ni ti Ọbàtálá. Ẹ sì mọ̀ pé èèwọ̀ Èṣù ni àdí, nítorí náà ẹni tó bá gbé ìgò rẹ̀ wọ agbo ilé tí ojúbọ wà, kó béèrè ibi tí òun lè gbé e sí.

Ẹ má sì rò pé gbogbo Polynesia, ìyẹn àwọn erékùṣù Pàsífíìkì tí mò ń sọ yìí, ló ní àgbọn. Ní New Zealand, òtútù kò jẹ́ kí àgbọn so, nítorí náà àwọn Māori, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, láyé àtijọ́ ń yọ òróró láti inú hóró igi tītoki, wọ́n ń fi ewé olóòórùn àti oje ewéko taramea sí i, wọ́n sì máa ń so taramea sínú àpò kékeré mọ́ ọrùn. Ní Hawaii àtijọ́, hóró igi kukui ni ọ̀pọ̀ ń fún, wọ́n ń fi pa ara, wọ́n sì ń fi tan fìtílà. Nítorí náà, ẹni tí àgbọn bá wọ́n jù fún ní ọjà, àdí èkùrọ́ wà. Èyí tí wọn kò yan èkùrọ́ rẹ̀ dúdú ni kí ẹ wá, ẹ yọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi òdòdó sí i bí mo ṣe sọ. Òórùn èkùrọ́ lágbára, frangipani ló sì máa ń borí rẹ̀ jù lọ nínú àwọn òdòdó tí mo ti lò.

Inú ìgò dúdú tàbí inú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sẹ́ ẹ sára rẹ̀. Ẹ má fi ìka tútù bọ inú rẹ̀. Ẹ dà á sí ọwọ́. Bó bá gbẹ dáadáa, á pé oṣù mẹ́fà, á sì kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kíkan, ẹ má pa á mọ́, ẹ má sì dà á nù. Ẹ kó o jọ títí á fi tó ìkòkò kan, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì fún yín ní ọṣẹ díẹ̀ dípò rẹ̀.